Aránbàtà Tí Kò Dáhùn Fúnra Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bóyá inú ọkọ̀ lo wà, bóyá orí bẹ́ǹṣì lo jókòó sí tí o ń retí kí wọ́n pè ọ́. N kò mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ọkùnrin kan tó jẹ́ aránbàtà, mo sì fẹ́ sọ fún ọ bí Ọlọ́run ṣe pàdé rẹ̀ níbi tí kò ti sí ènìyàn kankan.

Ọ̀gá Bàtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré: tábìlì kan, òòlù, ìdì òwú, àti agolo gọ́ọ̀mù tí òórùn rẹ̀ gba inú ilé kan. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lẹ́nu iṣẹ́. Bàtà tí ó bá rán kì í tú, òun náà kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun ló rán an.

Oṣù mẹ́jọ ṣáájú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni ìyàwó rẹ̀ kú. Láti ìgbà náà, orí ìdúró ló ti ń jẹun. Apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn sí gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Apá òsì wà ní títẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tú u. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé "Ẹ káàárọ̀" tí oníbàárà kan kí i ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò gbọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ó ti ń mutí kí ìyàwó tó kú. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹnì kan wà tó ń bò ó láṣìírí. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀ ní ìjọ, ìyàwó á ní, "Ara rẹ̀ ni kò yá díẹ̀, ẹ bá wa gbàdúrà." Bí oníbàárà bá dé, á ní, "Ó lọ ra awọ." Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi ń dáhùn fún un. Nígbà tí kò sí mọ́, gbogbo rẹ̀ bọ́ sí gbangba.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, òun náà sì ti bí ọmọ kan, ọmọ ọdún méjì. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó fi ọmọ náà ti bàbá rẹ̀ fún wákàtí kan péré. Nígbà tó padà dé, bàbá ti sùn lọ fọnfọn lórí àga, ọmọ sì jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé awọ ṣeré. Ìyá ọmọ kò pariwo. Ó gba ọ̀bẹ, ó gbé ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, n ò bá yín jà o," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó dọjọ́ tí ẹ bá pa ọtí tì kí ọmọ yìí tó tún wọ ilé yìí."

Lọ́dọọdún, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ ìyàwó rẹ̀ a máa fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ márùn-ún láàárín oko àti òkè, lọ sí ilé àdúrà àtijọ́ kan tí wọ́n fi òkúta kọ́. Aránbàtà ní kí wọ́n kọ orúkọ òun mọ́ ọn lọ́dún yẹn. Kì í ṣe Ọlọ́run ló ń wá. Ó fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ pé òun lọ ni.

Ó rán bàtà tuntun fún ìrìn náà, awọ líle, àtẹ́lẹsẹ̀ onípele méjì. Bí oníbàárà bá ra irú bàtà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á kìlọ̀ fún un pé, "Wọ̀ ọ́ nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó fi rìn jìnnà o." Lójú tirẹ̀, ìkìlọ̀ yẹn kò kan òun. Ta ni yóò rí Ọ̀gá Bàtà nínú bàtà gbígbó? Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbéra gan-an ló kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Méje ni wọ́n. Ìyá Nọ́ọ̀sì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwòsàn, ló ń ṣíwájú. Òun ló gba fóònù gbogbo wọn sínú àpò kan, kí ariwo má baà dí àdúrà lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, etí ló gbẹ́kẹ̀ lé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti dé oríta, á dúró, á ní, "Ẹ ka ara yín o! Ení!" Ẹni tó tẹ̀ lé e á pe "Èjì!" Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí dé ẹni ìkẹyìn. Bí ẹnì kan kò bá pe tirẹ̀, wọn kò ní kúrò lójú kan. Káfíńtà, ọkùnrin kan tó kéré sí aránbàtà lọ́jọ́ orí, ni ẹ̀fà. Aránbàtà ni èje.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, bàtà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin oníbúrẹ́dì tó wà láàárín wọn bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá Bàtà, ṣé ẹ̀yin lẹ wọ bàtà ni, àbí bàtà ló wọ̀ yín?"

"Ìwọ máa wo iwájú rẹ, oníyẹ̀fun."

Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kó bọ́ bàtà kí òun wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹsẹ̀ òun. Ìgò omi méjì ló wà nínú ẹrù rẹ̀. Omi wà nínú ọ̀kan.

Ní ọjọ́ kejì, ó fa Káfíńtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí wọ́n bá ń ka èèyàn tí mo bá wà lẹ́yìn díẹ̀, bá mi pe èje."

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò dáa o."

"Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé kí gbogbo yín tò sínú oòrùn nítorí tèmi ni? Ṣáà pè é. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Káfíńtà kò mọ bí a ti ń sọ pé rárá fún ẹni tó jù ú lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ náà ló mú ohùn rẹ̀ wúwo, tó pe "Èje!" Inú aránbàtà dùn. Ó rí àyè dá rìn, ó rí àyè mu nínú ìgò kejì, kò sì sẹ́ni tó rí i bó ṣe ń tiro.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n ń gba àárín pápá kan tí igbó kéékèèké wà lápá méjèèjì. Ọ̀nà náà ń ṣẹ́ kọ́rọ́, ẹni tó wà níwájú kò lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn. Aránbàtà dúró, ó bọ́ bàtà. Egbò mẹ́rin ló kà, mẹ́ta lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan ní gìgísẹ̀ òsì. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ èyí tó tóbi jù. Ó mu ọtí kí ara lè gba ìrora náà. Ó tún mu. Ó fẹ̀yìn ti igi kan, oorun sì gbé e lọ.

Nígbà tó jí, oòrùn ti kọjá àtàrí. Ó gbé bàtà, ẹsẹ̀ kò wọlé mọ́; ó ti wú.

"Ẹ dúró dè mí o!"

Ó pè títí ohùn rẹ̀ há. Atẹ́gùn ń fẹ́ koríko, ìyẹn nìkan ni ìdáhùn tó gbọ́.

Ibẹ̀ ló ti yé e. Wọ́n ti dé oríta, wọ́n ti ka ara wọn, iye wọn sì ti pé. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wá a, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó sọnù.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó rìn láìwọ bàtà, ó ń di igi mú, títí ó fi dé abẹ́ òrùlé páànù kan tí àwọn olóko ń kó koríko gbígbẹ sí. Ó jókòó síbẹ̀, ìgò omi rẹ̀ ti gbẹ, ìgò kejì nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, kò tíì dá wà tó báyìí rí, nítorí nílé, bí ó bá dá wà, ó lè sọ pé àwọn èèyàn ló pa òun tì.

Ó bi ara rẹ̀ pé: bí mo bá kú síbí lónìí, tí Ọlọ́run sì pè mí, kí ni mo fẹ́ sọ? Ìyàwó kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ pé ara rẹ̀ ni kò yá. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà. "Olúwa, ìyàwó mi máa ń..." Ó rí i pé àdúrà òun kò ní nǹkan kan nínú ju orúkọ obìnrin náà lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n o!" Káfíńtà ló ń bọ̀, òjò ti pa á, gbogbo ara rẹ̀ tutù, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún.

"Mo dúpẹ́ o," ni Káfíńtà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹnu ọ̀nà ibi tí a fẹ́ sùn la ti ka ìkẹyìn. Mo tún pe èje. Nígbà tí a jókòó tí mo rí àga yín lófìfo, ojú tì mí. Mo sọ fún gbogbo wọn pé irọ́ ni mo ń pa láti àná. Àwọn yòókù wà lọ́nà, wọ́n ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi, ọ̀fun mi ti gbẹ."

Ó na ọwọ́ sí ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aránbàtà.

Ó rọrùn láti sọ pé kò sí omi nínú rẹ̀ mọ́. Ó rọrùn láti sọ pé ó ti dọ̀tí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wà létè rẹ̀. Ó fa ìgò náà mọ́ra.

"Kì í ṣe omi," ló wí. "Ọtí ni. Láti ilé ni mo ti gbé e wá. Ọ̀mùtí ni mí, Káfíńtà."

Káfíńtà wo ìgò, ó wo ojú rẹ̀. "Òùngbẹ á wá pa èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò tí nǹkan wà nínú rẹ̀ báyìí." Aránbàtà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Káfíńtà jókòó tì í lórí koríko.

"Ẹ̀gbọ́n, mo lè pe èje fún Ìyá Nọ́ọ̀sì, kó sì gbà á. N ò lè pè é fún Ọlọ́run. Ìyàwó yín pàápàá kò lè pè é. Ṣùgbọ́n iye tí mo pè kò tan Jésù jẹ. Ó mọ̀ pé ẹ sọnù, ó sì wá. Ó kú fún ẹ̀ṣẹ̀ yín, ó jí dìde, ó wà láàyè. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ fúnra yín."

"Báwo ni màá ṣe wí?"

"Bí ẹ ṣe sọ fún mi nísinsìnyí náà ni."

Aránbàtà fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú koríko. "Jésù Olúwa," ló wí, "èmi ni. Ọ̀mùtí ni mí, agbéraga ni mí, òpùrọ́ ni mí. Díẹ̀ ló kù kí n pa ọmọ ọmọ mi lára. Dárí jì mí. Gbà mí. Èmi fúnra mi ló ń bá ọ sọ̀rọ̀." Ó da ìyókù inú ìgò náà sílẹ̀, òjò sì gbé e lọ.

Kò dé ilé àdúrà òkúta náà. Nígbà tí àwọn yòókù dé, Ìyá Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ rìn mọ́, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e padà sílé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó lọ rìn kí èèyàn lè rí i, kò rìn dé ibẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìrìn ló gbà á là, nítorí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀ ni Olùgbàlà ti gbà á.

Kó tó wọ ọkọ̀, ó gba fóònù rẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ìgò kejì. Ọmọbìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ ò sọ òótọ́ fún mi báyìí rí." Kò ṣèlérí kankan. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ọkùnrin náà fi gbé láìmutí, láìsí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò ju Káfíńtà lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn, òùngbẹ ọtí á máa gbẹ ẹ́, òun náà á sì máa ké pe Olúwa títí yóò fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin náà wá, ó gbé ọmọ sí bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ìwọ tí o ń kà á, ó lè jẹ́ pé o kì í mutí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ àdúrà ìyá rẹ kọ́ lo gbára lé? Ǹjẹ́ kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ nínú ìjọ lo fi ń bo ara rẹ? Gbogbo èèyàn lè máa rò pé o wà láàárín wọn, kó sì jẹ́ pé abẹ́ igi kan lo sùn sí, tí oòrùn sì ń lọ.

Olúwa mọ ibi tí o wà gan-an. Má dúró dìgbà tí wàá kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe. Má sì dúró de ọjọ́ tí kò dá ọ lójú pé wàá rí. Gbé ìwé yìí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Sọ òótọ́ nípa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù, ní ẹnu ara rẹ, ní ọ̀rọ̀ ara rẹ, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tí o ti ń purọ́ fún. Lónìí ni o.