Màlúù Tó Kọ̀ Láti Wọ Lífítì

Màlúù dúró gbọin níwájú lífítì, ó ní òun ò wọ àpótí irin. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Èmi tí mo ru agbọ̀n òdòdó tẹ̀lé e pàápàá, ẹ̀rù ẹ̀rọ náà ń bà mí.

"Ẹ tì í wọlé jàre! Àkókò ire ti fẹ́ kọjá!" Ọ̀gbẹ́ni Raghunandan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fúláàtì lókè kẹta, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Bengaluru wa, màlúù ló ń kọ́kọ́ wọ ilé tuntun kí onílé tó wọ̀ ọ́. Bó bá yàgbẹ́ síbẹ̀, ire ńlá ni. Àmọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí ti tẹ́ ọ̀rá sí gbogbo ilẹ̀ ilé. Ó fẹ́ ire, kò fẹ́ ìgbẹ́. Olówó ṣákálá!

Ẹ̀bá Adágún ni wọ́n ń pe ilé gogoro náà. Ẹ gbọ́ àrífín! Adágún tí àwa ará abúlé Hosakere ń pọn omi rẹ̀, tí ẹran wa ń mu, ni wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ dí pa, wọ́n kọ́lé lé e lórí, wọ́n wá ń fi orúkọ rẹ̀ polówó ilé. Ìlú ńlá gbé abúlé wa mì, kò tilẹ̀ jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ẹran ọ̀sìn tán pátá, ó ku Gowri, màlúù Ajji Puttamma. Ajji là ń pe ìyá àgbà lọ́dọ̀ wa. Wàrà Gowri ló fi tọ́ Chaitra, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò ní ìyá mọ́, òun náà ló sì fi ń rán an nílé ìwé àwọn ọmọ olówó.

Chaitra ọ̀hún ló dúró láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ilé ìwé nítòsí lífítì yìí, ó wọ jíìnsì àyálò, ó ń rọ Gẹ̀ẹ́sì bí òjò. Ó ti parọ́ fún Tanvi, ọmọ Raghunandan, pé òkè kẹwàá ilé náà ni òun ń gbé. Kò mọ̀ pé Gowri ni wọ́n máa pè.

Ajji rí i, inú rẹ̀ dùn. "Chaitra! Wá bá mi pè é, ohùn rẹ ló máa ń gbọ́."

Ọmọ náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ wọ́n ni?" Tanvi bi í.

"Èmi kẹ̀? Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ wọ́n? Ṣé mo jọ ọmọ darandaran ni?"

Irú ọmọ wo rèé? Inú bí mi débi pé mo fẹ́ da agbọ̀n dé e lórí. Ajji dì mí lọ́wọ́ mú. Ó sọ fún ọmọ náà pé, "Ẹ má bínú o. Ojú arúgbó ni. Ẹ jọ ẹnì kan tí mo mọ̀."

Gowri ò gbọ́ èdè irọ́. Ó fa okùn, ó lọ bá Chaitra, ó ń lá a lọ́wọ́.

Tanvi bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Màlúù yìí mọ̀ ẹ́ dáadáa o!"

Dípò kí ojú ti ọmọ yìí, ńṣe ló gbá Gowri nímú. "Ẹ mú ẹran yín kúrò lára mi!"

Ajji ká okùn Gowri mọ́wọ́. Ó fa màlúù gba orí àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi dé òkè kẹta.

Àgbàlá kan náà lèmi àti Ajji ń lò, nítorí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ṣojú mi kòrókòró. Chaitra wọlé, ó kọjú sídìí ìkòkò bó ti máa ń ṣe. Ajji sáré dìde, ó tẹ́ ẹní àlejò fún un, ó gbé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ń bu oúnjẹ fún àlejò síwájú rẹ̀, ó bu òkèlè ọkà rági àti ọbẹ̀ ẹ̀wà sí i.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó. Ẹ má wò ó, oúnjẹ ará oko ni."

"Ajji, èmi ni! Ẹ má ṣe mí báyìí."

"Ṣé kí n bomi wá fún yín, mà?"

Chaitra wó lulẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀ mú, ó ń sunkún. "Ẹ nà mí, Ajji! Ẹ bú mi!"

Ajji ò nà án, kò bú u. Ta ní í na àlejò?

Lọ́jọ́ kejì, Chaitra jẹ́wọ́ fún Tanvi níwájú gbogbo kíláàsì. "Ọmọ onímàlúù" ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ó tọ́ sí i, èmi ò káàánú rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń gbá ìgbẹ́ Gowri, tó sì ń fà á kọjá níwájú géètì àwọn olówó. Síbẹ̀, ewé àlejò ni Ajji ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹni tó bá fi júwe rẹ̀, kó má bínú bí ilé náà bá kí i káàbọ̀ bí àlejò.