Òkúta Elésè Àlùkò Tó Pòórá Kí Gbàǹjo Tó Bẹ̀rẹ̀

"Olè! Ìwọ lo wá gbé e! Ojúkòkòrò ò jẹ́ kí o ní sùúrù!"

"Èmi kẹ̀? Inú ilé rẹ kọ́ ni mo gbé e sí? O ti tà á, o wá fẹ́ fi mí ṣe ọ̀bọ!"

Ẹ gbọ́ o, olè méjì ń pe ara wọn lólè! Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn gbàǹjo ni wọ́n wà, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, wọ́n ń jágbe mọ́ra wọn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Káfíńtà ni ọkùnrin yẹn. Obìnrin ńkọ́? Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni! Ṣekárími là ń pè é. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọmọlúàbí ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, "ìwọ"? Ẹ má bi mí ohun tó so wọ́n pọ̀. Mo ti dàgbà, ẹ̀yin náà kì í ṣe ọmọdé.

Bàbá ìyàwó yìí ló kó òkúta jọ títí ó fi kú: èyí tó ń dán bíi dígí, èyí tó rí bí òdòdó, èyí tó ní irun bíi ti ológbò. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ìyàwó Káfíńtà, ló bá a tọ́jú wọn. Nígbà tí ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n, Ẹ̀gbọ́n ló ń fi ọ̀dà funfun kun ìdí òkúta kọ̀ọ̀kan, tó ń kọ nọ́ńbà lé e, tó sì ń kọ ibi tí wọ́n ti wà á sórí páálí pélébé. Bàbá ní kí wọ́n lu gbogbo rẹ̀ ní gbàǹjo, kí ọmọ méjèèjì pín owó rẹ̀.

Ṣekárími ò fẹ́ pín! Káfíńtà ló kan àwọn àpótí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mú èyí tó níye lórí jù wá," ló wí fún un, "ká jọ máa lọ." Òmùgọ̀ ọkùnrin náà sì mú òkúta elésè àlùkò wá fún un.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra òkúta tí nọ́ńbà Bàbá wà nídìí rẹ̀? Ṣekárími bu omi gbígbóná kún báàfù, ó da ọṣẹ sí i, ó ri òkúta bọ̀ ọ́ kí ọ̀dà lè ṣí, ó gba ọ̀dọ̀ onídìrí lọ. Nígbà tó dé, omi nìkan ló bá. Ló bá ní Káfíńtà ló wá jí i gbé. Káfíńtà náà ní irọ́ ni, Ṣekárími ló tà á.

Ẹ̀rí ọkàn wá ń jẹ Káfíńtà bí ikán ti ń jẹ pákó. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ̀gbọ́n rò pé ọ̀fọ̀ àna rẹ̀ ló ń ṣe, ó ń ra á lẹ́yìn, ó ń kọrin fún un:

*Olówó orí mi, má sunkún mọ́,*
*Ẹni tó lọ ti lọ,*
*Èmi tó kù, mo dì ọ́ mú.*

Ọwọ́ yẹn ń jó o bí irin gbígbóná! Ẹni tí wọ́n nà lórí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ yóò sunkún, yóò tán. Ẹni tí wọ́n ń kẹ́ ńkọ́?

Ó di ìgbà tí wọ́n ṣí àpótí lójú àwọn olùrà. Ọ̀kan ṣófo! Ṣekárími fò sókè:

"Ẹ̀gbọ́n mi ni! Òun nìkan ló ń fọwọ́ kàn wọ́n! Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ogún, ẹ pe ọlọ́pàá!"

Ọ̀gá onígbàǹjo gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ rí sọ?"

Ẹ̀gbọ́n ò bú ẹnikẹ́ni. "Mi ò mọ ẹni tó gbé e. Ẹni yòówù kó jẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kó má jẹ́ kí omi kàn án o. Iyọ̀ ni, iyọ̀ inú ilẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni Bàbá fi ń gbọn eruku ara rẹ̀."

"Iyọ̀?" Ṣekárími yíjú sí Káfíńtà. "Iyọ̀ ni! A jẹ́ pé o ò gbé e! Inú báàfù ló yọ́ sí!"

Yéè! Àìmẹ́nu, àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́!

"Báàfù wo?" ni Ọ̀gá onígbàǹjo bi í.

"Mo ní... rárá... kí Ọlọ́run pa mí bí mo bá..."

"Má búra!" Káfíńtà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣí i, èmi ni mo gbé e fún un. Ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan!"

Agbẹjọ́rò Bàbá, tó jókòó sáàárín àwọn olùrà, ò jáfara: láti inú ìpín Ṣekárími ni wọn yóò ti yọ owó òkúta tó yọ́ yẹn. Òun ló sì níye lórí jù, kí ló tún kù fún un? Wọ́n fà á jáde, ó ń ṣépè. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀!

Gbàǹjo bẹ̀rẹ̀. Páálí tí Ẹ̀gbọ́n kọ ni àwọn olùrà ń gbé sójú wò, wọ́n ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n sì ń fi owó lé owó. Inú mi dùn dé eyín tó kù lẹ́nu mi!

Káfíńtà rákò dé ìdí àga ìyàwó rẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ mi, nà mí. Bú mi. Ṣáà ṣe nǹkan kan fún mi!"

Ẹ̀gbọ́n ò wo ilẹ̀.

"Má pariwo," ló wí. "Wọ́n ń ta ẹrù bàbá mi."

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló wà títí òkúta fi tán nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.