Aṣọ Kákí Adébánjí

Ní àsìkò tí Mówè ṣì jẹ́ igbó àti ilé tí wọn kò tíì rẹ́, tí àwọn ará Èkó tí owó ilé ti lé kúrò nílé ń kó ẹrù wá síbẹ̀ lójoojúmọ́, ni ohun ìjà gbiná ní bárékè Ìkẹjà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002. Ilẹ̀ mì tìtì. Ojú ọ̀run pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ogun ti dé, wọ́n sì sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé etí omi Òkè-Afá. Ewéko ti bo omi náà bí ẹni pé ilẹ̀ gbígbẹ ni, wọ́n sì bọ́ sínú rẹ̀ lọ́wọ̀ọ́-lọ́wọ̀ọ́.

Adébánjí wà láàrin wọn. Ìsọlọ̀ ló ti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin gìrìpá ni, olórí àwọn ọlọ́dẹ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìbàfò, ẹni tí wọ́n máa ń rán aṣọ kákí tirẹ̀ lọ́tọ̀ nítorí pé ti ẹlòmíràn kì í gba èjìká rẹ̀. Ó gbé obìnrin kan jáde nínú omi náà, ó gbé ọmọdé kan. Nígbà tó tún padà wọlé, àwọn tó ń rì so mọ́ ọn lọ́rùn, gbogbo wọn sì jọ lọ sísàlẹ̀. Kí wọ́n tó fà á jáde, omi ẹlẹ́gbin náà ti kún àyà rẹ̀.

Ẹsẹ̀ lásán ló fi wọlé ní Mówè lọ́jọ́ kejì. Máyọ̀kún, ìyàwó rẹ̀, kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ikọ́ tó bá ọkùnrin náà wálé kò lọ mọ́. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́. Kí ọdún Àjíǹde tó dé, ṣòkòtò tó ti ń fún un nídìí tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó ń fi okùn so.

Bẹ́ẹ̀, láyé ìgbà yẹn, bí ara ènìyàn bá ti ń gbẹ báyìí, àrùn tí kò gbóògùn yẹn nìkan ló wà lọ́kàn aráyé. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀. Wọn á kàn yọ ife tiwọn sọ́tọ̀.

Ọ̀gá Ògúnkànmí, tó ni iṣẹ́, ránṣẹ́ pé kí Adébánjí padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á wá ẹlòmíràn. Adébánjí wọ kákí rẹ̀, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí.

"Aṣọ kọ́ sára igi," ó wí.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fún Tòún, Bàbá Láyọ̀mi. Á bá yín dín in kù wàràwàrà." Tòún ni télọ̀ àdúgbò, ọ̀rẹ́ Máyọ̀kún ni, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n sì ń lọ.

"Tòún yóò fi téèpù wọn ìbàdí mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Mówè á ti gbọ́."

Máyọ̀kún kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ra abẹ́rẹ́ àti òwú, ó yí inú kákí náà síta, ó wọ̀ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó fi pínnì há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó fi ẹfun fàlà síbi tí ara wà gan-an. Adébánjí di fèrèsé mú kó má baà ṣubú. Lẹ́yìn náà ni Máyọ̀kún jókòó. Ó ń rán an ní kéékèèké, abẹ́rẹ́ á lọ síwájú, á tún padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ojú ìrán náà lè le. Ó tú apá aṣọ, ó fa èjìká wọlé, ó tún apá lẹ̀ mọ́ ọn. Ó la ìdí ṣòkòtò, ó fún ìbàdí rẹ̀. Nígbà tó gbé àlùmọ́gàjí láti gé èyí tó ṣẹ́kù, Adébánjí di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má gé e. Ara mi á padà."

Máyọ̀kún ṣẹ́ ẹ pọ̀ sínú, ó rán an mọ́bẹ̀.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, Ọ̀gá Ògúnkànmí wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gbẹ́ni Adébánjí. Aṣọ yín bá yín mu."

Bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀, Máyọ̀kún tún dín aṣọ náà kù. Ó tún dín in kù lẹ́ẹ̀kan sí i. Tòún rí àpá abẹ́rẹ́ ní ìka Máyọ̀kún, ó béèrè ohun tó ń rán. "Aṣọ Láyọ̀mi ni," ó wí, ó sì kó ọwọ́ sínú ìró. Aṣọ tó ṣẹ́ pọ̀ sínú wá nípọn bí okùn, ó ń ha Adébánjí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ara rẹ̀ fi bó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bọ́ ọ, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀.

"Gé e."

Máyọ̀kún gé e.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó ṣubú nídìí géètì tó ń tì. Wọ́n gbé e wálé, ọlọ́dẹ mìíràn sì gba ipò rẹ̀. Nígbà òjò ńlá, ó kú.

Tòún wà nínú àwọn tó wá wọ kákí náà fún òkú. Ó fọwọ́ kan ojú ìrán náà, ó wo Máyọ̀kún.

"O ò gbé e wá bá mi."

"Ká ní mo gbé e wá, ṣé o ò ní sọ síta?"

Tòún ń de bọ́tìnnì kákí náà lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ọdún yípo, olùṣọ́-àgùntàn ní kí gbogbo ẹni tó pàdánù ènìyàn sínú omi Òkè-Afá dìde dúró fún àdúrà. Máyọ̀kún dìde. Obìnrin tó jókòó tì í rọra fà á ní ìró.

"Ìyá Láyọ̀mi, wọn ò pè yín. Ilé ni ọkọ yín kú sí."

Máyọ̀kún kò wò ó. Ó dúró títí àdúrà fi parí.