Ẹ̀yìn Ọrùn Mahmud

Ẹ̀yìn ọrùn ni Péjú kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù wọn ní Jẹ́dà, ó kẹ̀yìn sílẹ̀kùn, orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ń dán gbinrin. Ká má purọ́, ọrùn náà wu nọ́ọ̀sì yìí í wò. Ibi tó ti ń wò ó ló ti rí ojú abẹ wẹ́wẹ́, níbi tí dókítà fẹ́ là lọ́la gan-an.

"Ta ló fárí fún yín?"

Ọkùnrin náà ka orúkọ tó wà láyà Péjú, ó sì fi Yorùbá dáhùn. "Onígbàjámọ̀ kan ní Shubaikah, ní Mẹ́kà, ni, Sístà. Mo lọ ṣe ùmúrà, kí Ọlọ́run lè fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ náà."

Mahmud lorúkọ rẹ̀. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló wá ṣe hájì láti Ìwó tí kò padà sílé mọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn àlàájì lọ sí Mínà ni Mahmud, àmọ́ eegun ọrùn rẹ̀ ti tẹ iṣan, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè di ife tíì mú mọ́.

Péjú lọ sọ fún dókítà, wọ́n sì sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú. Inú bí Àlàájà Rabi'a, ìyá Mahmud, gan-an. "Ọwọ́ ọmọ mi ń kú lọ, ìwọ wá ń dá a padà torí pé ó fárí fún Ọlọ́run?"

Péjú kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ùmúrà kò ṣe nǹkan kan. Abẹ ló họ ọ́ lára, ibẹ̀ sì ni kòkòrò ń gbà wọlé. Tí egbò bá kẹ̀ nídìí eegun ọrùn, wọ́n á tún un là ni, ó sì lè ba ọwọ́ kejì jẹ́. Ẹ jẹ́ kó jinná. Ẹ̀rọ la máa fi gé irun tó bá hù."

 Àlàájà mú ọmọ rẹ̀, ó di Mẹ́kà.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ara ti jinná. Péjú fún Mahmud ní ọṣẹ apakòkòrò kó fi wẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó là á, iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí sí rere. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò bá fọwọ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ bándéèjì rẹ̀. Mahmud fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Dókítà àgbà pàápàá dé, Mahmud ní kí wọ́n fọwọ́ ná, Sístà Péjú máa bá wọn jà.

"Èmi ni mo wá di oníjà?" ni Péjú wí, ó ń bo ẹ̀rín.

"Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ yín, kí ẹ lè máa bá mi jà dáadáa."

"Mi ò kì í fẹ́ ẹni tí mò ń wẹ egbò fún. Ẹ jẹ́ kó sàn ná."

Egbò náà sàn, kò ní ọyún kankan. Mahmud lọlé, ó ń pè é lójoojúmọ́, ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lára. Létí òkun Jẹ́dà ló ti tún béèrè, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Omijé gba ojú Péjú. "Kristẹni ni mí, Mahmud. Mẹ́kà nilé yín. Mùsùlùmí nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá ibi àyẹ̀wò ojú ọ̀nà ibẹ̀."

"Màá wáṣẹ́ síbí. Ti màmá ló kù."

"Tí wọ́n bá kọ̀, mi ò ní bá ẹ sá lọ o."

"Mo mọ̀, olùfẹ́ mi."

Àlàájà kọ̀ jálẹ̀. "Ìyàwó tí kò lè wọ ilé ìyá ọkọ? Tí mo bá ń ṣàìsàn, ta ni yóò bu omi fún mi?"

Mahmud ò bá a jiyàn, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Oṣù ń gorí oṣù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń bó ọsàn fún ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì tó ti sàn nà án sí i. Àlàájà gbá ọwọ́ náà mú, ó wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kó lọ gbé mọ́tò.

Péjú ṣílẹ̀kùn ní Jẹ́dà, ó bá Àlàájà níwájú rẹ̀, àtẹ̀gùn ti mú un mí hẹlẹhẹlẹ. Péjú kúnlẹ̀.

"Dìde," ni Àlàájà wí. "Ilé tèmi lo ò lè wọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n má wọ tìẹ." Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó wò yíká. "Tí ẹ bá wá gba ilé tó tóbi, yàrá wo lẹ máa fún mi?"

"Èyí tó bá wù yín," ni Péjú dáhùn, "ìyá mi."