Ìwé Kẹta Inú Agolo

Ìwé méjì ló yẹ kó wà nínú agolo. Mẹ́ta ni Awóníyì kó jáde.

Ọ̀sán Sátidé ni. Òun àti Fáìzàh ìyàwó rẹ̀ jókòó ní pálọ̀ wọn ní Òkè-Baálẹ̀, wọ́n ń dán ayò ogun tí Awóníyì fúnra rẹ̀ ń ṣe wò. Oṣù mẹ́jọ ló ti wà lẹ́nu rẹ̀, tó bá ti ti ọ́fíìsì ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ dé. Ó ya àwọn ìlú sórí páálí, ó fi ìdérí ìgò mínírà ṣe ọmọ ogun. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú á kọ àdéhùn tó fẹ́ bá ẹnì kejì ṣe, á jù ú sínú agolo.

Ìwé kẹta ní: "Ìlú wa kò sí nínú àwòrán yín."

"Fáìzàh, mi ò fẹ́ irú eré báyìí."

"Bàbá Abíọ́lá, èmi kọ́. Ẹ wò ó, ṣé ó jọ ìkọ̀wé mi?"

Kò jọ ọ́. Tàdáwà rẹ̀ ṣì tutù, ìwé náà sì ń rùn bí ilé tó jóná.

Ó fa ìwé náà ya. Lọ́sẹ̀ kejì, òmíràn tún wà níbẹ̀. Ó pààrọ̀ agolo, pàbó ni. Ó dá a ta lóun nìkan, ó kọ méjì, ó kó mẹ́ta jáde. Ọ̀rọ̀ náà wá sú u pátápátá. Ayò tí kò tíì parí, ta ló pe àlejò sí i?

Ló bá wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, ó gbé ìwé tó jáde kẹ́yìn fún Bàbá Dúróoríkẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Bàbá wò ó títí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìlú kan wà lọ́nà Ifẹ̀wàrà láyé ogun. Bàbá ńlá wa ni ikọ̀ tó lọ bá wọn ṣàdéhùn àlàáfíà. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n ṣí ibodè. Ẹnu ibodè yẹn náà ni ogun tiwa gbà wọlé. Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ ìlú náà mọ́."

"Kí ni kí n wá ṣe, sà?"

"Ohun yòówù kí wọ́n béèrè, má bá wọn ṣàdéhùn."

Mọ́tò bàjẹ́ lọ́nà. Wákàtí mẹ́ta ni Awóníyì fi dúró nínú oòrùn. Nígbà tó máa fi délé, ìwé ti ń dúró dè é: "Ẹ jẹ wá ní gbèsè ènìyàn. Ẹ fún wa ní ẹnì kan."

Inú bí i. Ó fa bírò yọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Ẹ mú ẹni tó bá wù yín, kí ẹ fi ayò mi sílẹ̀." Ó jù ú sínú agolo, ó dé e pa.

Ìgbà yẹn ló tó rántí ohun tí Bàbá sọ. Ó já ìdérí. Agolo ti ṣófo.

Fáìzàh ti ọjà wọlé. Awóníyì na ọwọ́ láti gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. Fáìzàh fà sẹ́yìn díẹ̀, ó fún àpò mọ́ra, kò bínú, kò pariwo.

"Ẹ káàsán, sà," ó wí jẹ́jẹ́. "Ta lẹ ń wá?"

Awóníyì la ẹnu láti dárúkọ ara rẹ̀. Kò rántí orúkọ náà mọ́.