Náílọ́ọ̀nù tí Idiat ń Kó Ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú Òde

Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì yín. Ẹ ò lè sọ fún mi pé kò sí náílọ́ọ̀nù kan níbẹ̀ tó kún fún náílọ́ọ̀nù mìíràn. Èmi náà ní in tẹ́lẹ̀. Veronica ni orúkọ mi, nọ́ọ̀sì tó ń lọ wo àwọn ọmọ kéékèèké nílé wọn ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mí. Ojú mi ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe.

Ní ọjọ́ Tuesday kan ní 1991, mo lọ sí fláàtì Idiat, nítòsí Birchmere Park. Ó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, Hámzàt ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Sìdí, ọmọ ọdún kan àbọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá a.

Bí mo ṣe wọlé ni mo rí náílọ́ọ̀nù. Ó wà lórí àga, ó wà nílẹ̀, ó kún inú àpótí ńlá kan tó ṣí sílẹ̀ ní pálọ̀.

"Idiat, ṣé o fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ti màámi ni, Àǹtí. Aṣọ ọmọdé ni wọ́n ń tà ní Ìjẹ̀bú Òde. Àwọn kọ́sítọ́mà wọn fẹ́ràn náílọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù sí. Àbúrò Hámzàt ń lọ sílé ní Friday, òun ló máa bá mi gbé e."

"Gbogbo èyí?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Àǹtí. Tí mo bá lọ sí ọjà Woolwich lọ ra ata, tòmátì àti ẹran, mo máa ní kí wọ́n fi méjì-méjì dì í fún mi. Nílé, owó la fi ń rà á. Ta ló ń kọ ọ̀fẹ́?"

Ó yẹ kí n bá a wí lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbé tíì síwájú mi, mo bá jókòó. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mi ò ní fi pa mọ́. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára la wá ń sọ, kí n tó bi í pé, "Sìdí gan-an dà?"

"Ó ń ṣeré ní yàrá. Ó ti mú náílọ́ọ̀nù kan lọ, ó fẹ́ràn bó ṣe ń dún. Ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

Mo tẹ́tí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Idiat náà tẹ́tí, ojú rẹ̀ yí padà. "Sìdí?" Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mi ò mọ bí mo ṣe dìde. Tíì dà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a máa fi dé yàrá, ọmọ náà wà nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, náílọ́ọ̀nù ti bò ó lórí dé ọrùn. Bó ṣe ń gbìyànjú àtimí ni náílọ́ọ̀nù ń lẹ̀ mọ́ ọn nímú àti lẹ́nu.

Mo fi èékánná ya náílọ́ọ̀nù náà níwájú ẹnu rẹ̀, mo fà á kúrò. Ètè rẹ̀ ti ṣú. Mo ní kí Idiat pe 999 fún áńbúláǹsì, ṣùgbọ́n kò rí nọ́mbà tẹ̀. "Yá Allah, yá Allah," ló ń wí ṣáá. Ọmọ náà kò sunkún. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó sunkún. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé pé nọ́ọ̀sì ni mí.

Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló fi igbe ta, Idiat sì jókòó sílẹ̀ gbìì.

Áńbúláǹsì gbé wa lọ sí ọsibítù, wọ́n ní kó sùn síbẹ̀ kí wọ́n lè máa wò ó. Hámzàt dé tòun ti yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rojọ́ tán, kò pariwo. "Ọdún mẹ́sàn-án, Idiat," ló sọ, ó sì fọwọ́ bojú.

Idiat wá yíjú sí mi. "Àǹtí, ṣé kí n máa so wọ́n ní kókó ni?"

"Èyí tó ti wà nílé, so ó ní kókó, kó o gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè tó. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá wọlé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Má gbà á mọ́. Gbé àpò tí wọ́n fi aṣọ rán lọ sọ́jà."

"Màámi ńkọ́? Wọ́n ti ń retí rẹ̀."

"Sọ ohun tójú rẹ rí fún wọn. Àwọn tó ń ra aṣọ ọmọdé lọ́wọ́ wọn, ṣebí ọmọdé ló wà nílé wọn?"

Omi ń dà lójú rẹ̀. Àpótí yẹn kò bá ẹnikẹ́ni lọ ní Friday.

Ní Saturday tó tẹ̀ lé e, mo rí i ní ọjà Woolwich, ó pọn Sìdí. Ọ̀gbẹ́ni oníṣọ́ọ̀bù ti fa náílọ́ọ̀nù méjì yọ bó ṣe máa ń ṣe. Idiat ṣí àpò aṣọ rẹ̀ síwájú ọkùnrin náà, ó ní, "Ẹ kó gbogbo ẹ̀ síbí." Abọ́ olómorí ló gbé dání fún ẹran.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àpò aṣọ kan sínú báàgì iṣẹ́ yín, torí à ń ti ibi iṣẹ́ gba ọjà kọjá ni. Ata àti tòmátì tí wọ́n ń wọ̀n lójú yín, kí ló tún fẹ́ fi náílọ́ọ̀nù ṣe? Ẹ yé fi náílọ́ọ̀nù se mọ́ínmọ́ín, abọ́ wà, agolo wà. Ike áìsìkíríìmù tẹ́ ẹ ti ní, ẹ fi tọ́jú ẹ̀wà àti èlùbọ́, kẹ́ ẹ má baà máa ra òmíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù máa fẹ́ lọ sínú omi ní páàkì, ohun abẹ̀mí wà níbẹ̀ náà. Tí wọ́n bá nawọ́ ẹ̀ sí yín, ẹ ní ẹ ò fẹ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Sìdí yè. Kì í ṣe pé a gbọ́n, ọjọ́ àbẹ̀wò mi ló bọ́ sí Tuesday. Bó bá jẹ́ Wednesday ni ńkọ́?