Igbe Orí Ọ̀pẹ

"Ta ló lè sọ̀rọ̀ bí Ìsòbò nínú yín?" Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí, olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ eléré ilé-ìwé náà, ló bèèrè. "Wọ́n ti pè wá sí ètò àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé bí kò bá sí Ìsòbò tí kò gbọ́ Yorùbá délẹ̀ nínú eré, ẹ̀rín kì í pé."

Matilda tẹjú mọ́ ilẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọ ilé-ìwé yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun nìkan ní í dá jẹun lábẹ́ igi máńgòrò. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé Ìsòbò ni Simeon bàbá rẹ̀, akọpẹ tó ti pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Ìyá rẹ̀, ọmọ Ìmùṣin, ti kú. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù fún ara wọn.

Ṣùgbọ́n ta ni kò fẹ́ lọ́rẹ̀ẹ́? Ó dìde, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, bí bàbá rẹ̀ ti í ṣe lórí ọ̀pẹ kó tó gé ẹyìn bọ́ sílẹ̀, ó ké: "Ènìyàn abẹ́ ọ̀pẹ o! Sá lọ o! Ẹyìn ń wá o!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mọ́ṣádé, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí kì í wo apá ibi tí Matilda wà, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde láti jẹun, ó gbé abọ́ tirẹ̀ wá sábẹ́ igi máńgòrò. Inú Matilda dùn débi pé kò mọ adùn oúnjẹ tó ń jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé eré tí wọ́n ti yà sílẹ̀ náà jáde lórí afẹ́fẹ́, ilé Bàbá Gilbert, tó ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò wọn ní Ìmùṣin, kún fọ́fọ́. Matilda kò sọ fún bàbá rẹ̀, àmọ́ àwọn aládùúgbò ti sọ. Simeon wẹ̀, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó síwájú. Nígbà tó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ igbe tirẹ̀ lẹ́nu ọmọ náà. Gbogbo ilé wó fún ẹ̀rín, wọ́n sì yíjú sí i.

"Ọmọ mi ṣe é dáadáa," ló wí, ó sì jáde.

Matilda sáré tẹ̀ lé e. "Bàbá, eré lásán ni o."

"Mo mọ̀. Eré ni."

Kò bá a wí. Ì bá tiẹ̀ lù ú, ara ì bá tu Matilda. Láti ọjọ́ náà, bí Simeon bá ti gbé igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ kọ́ èjìká, àwọn ọmọdé á máa ké tẹ̀ lé e: "Ẹyìn ń wá o!" Bó ṣe di pé kò ké lórí ọ̀pẹ mọ́ nìyẹn. Ó ń gun ọ̀pẹ wọ́ọ́rọ́, ó ń gé ẹyìn wọ́ọ́rọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Matilda gbé oúnjẹ lọ bá a lóko. Ó rí Ìyá Rose, arúgbó kan tó ń ṣẹ́gi, tó ń bọ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ. Matilda wòkè, ó rí àdá bàbá rẹ̀ tó ti gbé sókè láti gé ẹyìn. Kò gbọ́ igbe kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló ké e, bó ti ké e lórí tẹlifíṣọ̀n gẹ́lẹ́. Ìyá Rose fò sẹ́yìn. Ìdì ẹyìn balẹ̀ gbì síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

"Simeon! O fẹ́ pa mí ni?" arúgbó náà pariwo sókè. "Kí ló dé tí o ò ké mọ́? Igbe rẹ yẹn la fi ń wà láàyè lóko yìí!"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín."

Oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ Matilda. Ó bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó lọ bá olùkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ṣe Ìsòbò tí ò gbọ́n mọ́. Bàbá mi ni mo ń sín jẹ. Ìsòbò ni wọ́n. Bí Ìsòbò bá máa wà nínú eré, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó ń gba ẹ̀mí là."

"Ta ló máa rẹ́rìn-ín sí ìyẹn?" ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí wí, ó sì gbé ipa náà fún ẹlòmíràn. Mọ́ṣádé gbé abọ́ rẹ̀ lọ. Matilda tún kù lóun nìkan lábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀rín tí a bá fi ẹni wa rà, owó rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a rò lọ. Simeon dárí ji ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ké mọ́ láéláé. Gbogbo Sátidé, Matilda ló ń dúró lábẹ́ ọ̀pẹ, tó ń bá a ké e.